Abọ́ Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́

Lọ́dún tí ọmọ mi kú, àwọn obìnrin kọ́tásì rélùwéè ní Minna kò pè mí síbi ìkómọ mọ́. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ń bẹ̀rù pé ohun tó mú tèmi lè tẹ̀ lé mi wọlé wọn. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á rọra yí ọmọ tí wọ́n pọ̀n kúrò lójú mi. Ó dùn mí dé egungun, mi ò ní purọ́.

Ìgbà yẹn ni dókítà kan láti Kòríà kó wá sílé tó kọjú sí tiwa, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Hausa díẹ̀ tí obìnrin náà kọ́ lọ́jà la fi ń kíra. Nígbà tí ọmọ tó bí pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó gbé abọ́ kan wá fún mi. Ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ooru sè bíi mọ́ínmọ́ín, ló wà nínú rẹ̀. Ó ní nílùú àwọn, ọmọ tó bá rí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á pín oúnjẹ yìí káàkiri àdúgbò kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn.

Àwa rèé, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká má tiẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo jẹ oúnjẹ náà, kò dùn tó màsà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa. Mo fọ abọ́ náà títí ó fi ń dán, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo dá a padà.

Ó wo inú abọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ọkọ rẹ̀ ló fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í dá abọ́ yìí padà lófìfo. Ìrẹsì tàbí òwú ni wọ́n máa ń fi sí i, fún ẹ̀mí gígùn ọmọ.

Nínú gbogbo àdúgbò, èmi tí wọ́n ń sá fún ni mo gbé òfìfo fún ọmọ ọlọ́mọ! Mo gba abọ́ náà, mo sáré lọ sílé. Òwú kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tó kù lára fìlà tí mo hun fún ọmọ mi. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo bu ìrẹsì kún abọ́, mo gbé e padà fún obìnrin náà, mo sì sọ fún un ní Hausa pé ọmọ mi ti kú, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

“Na sani,” ó ní òun mọ̀. Àwọn obìnrin kọ́tásì ti sọ fún un kó tó gbé oúnjẹ náà wá.

Ó gba ìrẹsì, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé bí ọmọ ṣe ń wúwo tó.