Bí Mo Ṣe Fi Ọkọ̀ Ilẹ̀kùn Méjì Lọ Gbé Bàbá Ìyàwó Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Àìkú náà tí mo ti kí ìrun Àsùbáà, tí mo sì ń fi aṣọ funfun nu ojú ọkọ̀ mi bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Èmi Lásísì, tí gbogbo Ìgbògbò mọ̀ sí Lásísì Oníyanrìn, ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó kàwé tán ládùúgbò wa, kò sí ẹni tó ní irú ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí. Ó pupa bí ata rodo. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ó rẹlẹ̀ débi pé bí òbúkọ bá dúró lódì kejì rẹ̀, ẹ ó máa rí ìwo òbúkọ. Kúpè ni àwọn tó tà á fún mi ń pè é, ìyẹn ni ọkọ̀ eré tí òyìnbó ṣe fún ọkọ àti ìyàwó àti báàgì ìyàwó. Típà mi mẹ́ta máa ń pariwo tí mo bá ṣáná sí wọn. Eléyìí kì í pariwo. Ńṣe ló ń kùn bí ológbò tó jẹ ẹja yó.

Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ, iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ jẹ́ níbẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin mi Rọ́dìyà máa ṣe wòlímà, torí pé ó ti ka Kùránì parí. Mo ti ṣèlérí fún un pé bàbá àgbà rẹ̀, bàbá ìyàwó mi, máa jókòó níwájú rẹ̀ nígbà tó bá ń kà á. Ọdún méjìdínlógún sì ni bàbá yìí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi.

Nígbà tí mo lọ tọrọ Sìdíkátù lọ́wọ́ rẹ̀, awakọ̀ típà ni mí, mò ń bá olówó kó yanrìn ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ni mo fún ọ o, n kò fún ọ ní ẹsẹ̀ mi. Mo mọ ẹ̀yin ọmọ ojú títì. Ọjọ́ tí o bá fi ọkọ̀ ara rẹ wá gbé mi, tí mo jókòó sẹ́yìn bí èèyàn gidi, ọjọ́ náà ni mo máa dé ilé rẹ." Bàbá kì í yí ọ̀rọ̀ padà. A bí Rọ́dìyà, kò wá. Mo kọ́lé, mo ṣí i, kò wá. Àwa la máa ń lọ kí i.

Nígbà tí Ọlọ́run wá bù kún mi, èmi àti Sìdíkátù jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Dúdú kan wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Rọ́dìyà, eléyìí ni kí ẹ rà. Ó yẹ àgbà." Mo ti ń bá wọn nájà rẹ̀ lọ́wọ́ kí pupa yìí tó wò mí láti igun ọgbà. Ẹ má bi mí bí ọkọ̀ ṣe ń wo èèyàn. Ó wò mí. Ilé ni ìyàwó mi ti rántí pé ó bínú.

Òun náà ló sìn mí dé ẹnu géètì lówùúrọ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré. Bàbá mi ni kí ẹ gbé wá fún mi o, kì í ṣe ìròyìn eré."

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Èmi kọ́ ni mò ń wa típà láti ìgbà tí o wà ní ọmọge?"

"Típà ga," ló dá mi lóhùn. Ó wọlé.

Ní Garaajì Ìkòròdú, àwọn ọmọ tó ń pe èrò fi èrò sílẹ̀. "Túwálè, bàbá! Ẹ fún wa ní nǹkan kẹ́ ẹ tó fò!" Mo yọ igba náírà fún wọn, mo sì tẹ iná ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Epo bẹntiróòlù jẹ́ náírà márùndínláàádọ́rin fún lítà kan nígbà yẹn. Mo yà sílé epo, mo ní kí wọ́n rọ ọ́ kún. Ọlọ́kadà kan dúró tì mí níbi tí mo ti ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè rí ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jókòó ni àbí ẹ sùn?"

Mo ní, "Bí ọlọ́rọ̀ ṣe ń jókòó nìyẹn, àbúrò. Ìwọ máa gun ẹṣin rẹ lọ."

Ọ̀nà Ìtòìkín kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, kí n má purọ́. Gálọ́ọ̀pù tí típà mi ń gbé mì bí oògùn, kúpè yìí máa ń yí i ká bí ìyàwó tuntun tó ń yẹra fún ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ti kọjá Ìmọ́tà, ibì kan wà tí ọ̀dà ṣì dán. Ibẹ̀ ni mo ti rọ jíà kẹta, mo rọ ìkẹrin, mo rọ ìkarùn-ún. Àwọn igi ọ̀pẹ ń sá padà sẹ́yìn. Síárì dúró sí mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́, táyà lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àlẹ̀mọ́, mo sì rí ara mi tí mò ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ẹni tó bá wa típà ogún ọdún, tó ń fi gbogbo ara já síárì, òun ló lè mọ ohun tí ọkọ̀ tó ń gbọ́ràn jẹ́.

Kí n tó dé Ìtòìkín, mo bá ibi tí òjò ti gé títì láàrin. Àwọn ará ibẹ̀ ti da òkúta àti amọ̀ sí i, ó wá yọ bí orí ìjàpá. Mo rọra gùn ún. Ikùn ọkọ̀ fi ara kan án, kírí, ó kọjá. Èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó fúyẹ́. N kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti rò ó.

Agogo méje ààbọ̀ ni mo wọ Ẹ̀pẹ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn níbẹ̀, òórùn ẹja yíyan á tẹ̀ lé e. Ẹja ti wọn kò dà bíi tiwa. Ní Ìkòròdú, ẹja tí yìnyín ti gbó lára ni a fi ń sebẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀bọ̀kún ṣì ń mí nínú agbọ̀n tí wọ́n fi ń dárúkọ iye rẹ̀ fún ọ. Mo ra méjì tó sanra ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ìyẹn owó ẹyọ kan lọ́jà wa.

Ìyá Rámọ́tù, aládùúgbò Bàbá tó ń yan ẹja, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó wò mí tí mò ń yọ jáde nínú ọkọ̀, ó wá tẹrí ba, ó ń wo inú ọkọ̀.

"Dírẹ́bà, ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ìyá, èmi ni ọ̀gá. Èmi Lásísì, ọkọ Sìdí."

"Háà! Ọkọ Sìdí! Ta wá ni dírẹ́bà?"

"Èmi náà ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Èèyàn lówó tó báyìí, kò wá rí ẹni wà á? Ọlọ́run á pèsè dírẹ́bà fún yín."

Mo ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ta mí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó lówó, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń jókòó sí, ẹlòmíràn ló ń wà á. Ìyá kò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá ní kí ẹlòmíràn máa bá òun wà á, àfi bí ẹni tó sebẹ̀ tán tó ní kí aládùúgbò bá òun jẹ ẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Àwa náà ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀pẹ́, ẹja tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju iṣu ewùrà lọ. Bàbá ti múra. Agbádá funfun, fìlà aláràn-án, ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó dúró ṣánṣán. Ó ní, "Lásísì, mo gbọ́ pé o ti ra ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ mi. Ó yá."

Ó jáde. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dà?"

Níbẹ̀ ni orí mi ti fò lọ. Oṣù mẹ́ta tí mo ti ra ọkọ̀ yìí, mo ti rò ti ẹ́ńjìnnì, mo rò ti ọ̀dà, mo rò ti ojú àwọn ọ̀tá mi. N kò rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo ní, "Bàbá, iwájú ló dára jù. Àga rẹ̀ dà bíi bẹ́ẹ̀dì."

"Iwájú? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà? Ibi tí ọmọ ọkọ̀ ń jókòó?" Ó yí ọ̀pá rẹ̀ sílé. "Kí Rọ́dìyà ṣe wòlímà rẹ̀. Ọlọ́run á gbà á. Mo ti sọ pé ẹ̀yìn."

Mo wo aago, ó ti kọjá mẹ́jọ ààbọ̀. Mo rántí ojú ọmọ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nínú iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ léèsì mi. "Bàbá, ẹ̀yìn wà. Ó kéré ni." Mo fa irin kan, àga iwájú sì tẹ̀ síwájú bí ẹni ń rúkúù nínú ìrun. Bàbá wo ihò náà. Ó wò mí. Ó bọ́ fìlà, ó ki orí bọ̀ ọ́. Orí wọlé, agbádá kò wọlé. Ìyá Rámọ́tù sáré wá, ó ń ti Bàbá lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Ẹ fa ikùn sínú, Bàbá! Ẹ ṣe bí ẹja tó ń wọ ìgèrè!"

Ó wọlé níkẹyìn. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, orí rẹ̀ kan àjà ọkọ̀. Ó dé fìlà padà, fìlà tẹ̀. Ó ní, "Máa lọ."

Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìtòìkín, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Gbogbo bí mo bá ti bọ́ sí gálọ́ọ̀pù ni mo máa ń gbọ́ orí rẹ̀, kó, lára àjà. N kò lè rọ jíà kẹrin. Mo ń wo aago, mo ń wo dígí, ojú Bàbá nínú dígí náà ń wò mí.

A dé ibi orí ìjàpá yẹn. Mo rọra gùn ún bíi ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wúwo lẹ́yìn báyìí, ikùn rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òkúta, gbì! Táyà ẹ̀yìn ń yí lófo. Mo tẹ iná, ó fọ́n amọ̀. Mo yí i sẹ́yìn, kò lọ. Agogo mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù. Mo gbé orí lé síárì. Èmi Lásísì, mo sọ ọ́ láìtijú, omi yọ lójú mi. Ọdún méjìdínlógún, àárín títì ló fẹ́ parí sí.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," Bàbá sọ.

Mo fà á jáde. Mo rò pé ọkadà ló fẹ́ gùn padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e lé àga. Ó ká sòkòtò dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ láti apá kan dé èkejì, ó wọ igbó lọ, ó gbé pákó kan tó nípọn jáde. Ó ki pákó náà sábẹ́ táyà, ó fi òkúta gbá a wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí iwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ohùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò gbọ́ rí.

"Gé e sọ́tùn-ún! Ó tó! Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀... Rọra, ìwọ dírẹ́bà yìí, má pa mí mọ́ òbí mi lọ́wọ́! Máa bọ̀! Fún un níná! Ó bọ́ọ́ọ́!"

Ọkọ̀ fò kọjá. Mo jáde, ẹnu mi là sílẹ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ẹrù lè mọ ohùn yẹn láàrin ẹgbẹ̀rún ohùn. A kì í kọ́ ọ nílé.

"Bàbá, níbo lẹ ti mọ èyí?"

Ó ń nu ọwọ́. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ọmọ ọkọ̀ lẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà, Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mò ń gbé igi tí wọ́n ń ki sábẹ́ táyà. Ìyá Sìdí pàápàá kò mọ̀."

"Ẹ wá fi mí ṣẹ̀sín pé ọmọ ojú títì ni mí!"

"Torí mo mọ ojú tí mo fi ń wo àwọn ọmọbìnrin ọlọ́mọ nígbà yẹn ni," ó sọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. "Ta lo rò pé mò ń bẹ̀rù bí kì í bá ṣe ara mi?"

Mo tẹ àga iwájú fún un kó tún wọ ẹ̀yìn. Ó fi ọ̀pá gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Mo ti jókòó sẹ́yìn, àbí n kò jókòó? Ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ." Ó bọ́ síwájú, ó gbé pákó náà lé itan, ẹrẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, sórí àga aláwọ tí mo máa ń fi òróró pa. "Ọ̀nà ṣì kù, ó lè wúlò. Ó yá, ṣé bí ọkọ̀ tó pupa tó báyìí ṣe ń lọ nìyẹn? Bọ́lẹ̀kájà wa sáré jù ú lọ."

Àgbà kì í pe èèyàn níjà kéèyàn má dá a lóhùn. Ibi tí ọ̀dà ti dán yẹn, mo fi hàn án. Ó di fìlà mú, ó ń kígbe pé, "Fún un níná! Fún un níná!" A bá ọlọ́kadà ti àárọ̀ yẹn nítòsí Garaajì, Bàbá yọ ọwọ́ síta, ó ní kó yà lọ́nà fún ọlọ́lá.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ ló máa tẹrí ba, àna àti ọ̀gá bákan náà. Mo sì mọ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn mẹ́rin tó lè gbé Bàbá wá bí ilẹ̀kùn méjì mi ṣe gbé e, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Pákó yẹn ṣì wà nínú bùùtù mi dòní, mo ti fi ọ̀dà kùn ún, ó ń dán.

Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà la yà sí àdúgbò wa. Rọ́dìyà dúró lẹ́nu géètì nínú híjáàbù funfun, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí Bàbá ti yọ apá síta lójú fèrèsé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀ mi pupa, gbà, gbà, ó sì fi ohùn ọmọ ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ fẹ́ sọ̀ kígbe kí gbogbo Ìgbògbò gbọ́:

"Ó wà o!"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ ilé mi.