Aago Méjì Ni Wọ́n Ń Pààrọ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́ ọ̀tún, a gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Èmi ni mo yan ibẹ̀. Táìsì ilẹ̀ wọn ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀, n kò wo nǹkan mìíràn mọ́.

Ọ̀gá ilé náà, obìnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni Lẹ́kí, fi ìwé ara ògiri hàn mí: aago méje àárọ̀, méjì ọ̀sán, mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ páńpásì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Mo ń mi orí bí aláǹgbá. N kò béèrè ẹni tí yóò sọ fún ìtọ̀ pé kó dúró de aago méjì.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ. Láti kékeré mi, bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, wọn á wọ sùtánà, wọn á gbàdúrà. Wọn kì í fi ìdọ̀tí ara wọ aṣọ yẹn láéláé.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, Màmá ò gbàdúrà mọ́ o. It's like ẹ̀mí kan ń bá wọn jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wòlíì wọn wá."

Wòlíì! N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó yẹ kó mú omi àti ọṣẹ wá ló ń wá wòlíì.

Aago méjìlá kò tíì lù tí mo débẹ̀. Ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ìyá mi fi di sùtánà wọn mú jìnnà sí ara. Mo fọwọ́ kan àga tí wọ́n jókòó lé: ó rin gbingbin.

"Ẹ ò sọ fún wọn ni?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ó di aago méjì."

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá mi sọ̀rọ̀, ta ló gbọ́?

Mo pe olùtọ́jú. "Àǹtí, time wọn ò tíì tó," ló wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń lu agogo fún ọ kí o tó tọ̀?"

Ó wo ìwé ara ògiri, bí ẹni pé èsì wà níbẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi wẹ̀ wọ́n. Itan wọn ti bó. Wọ́n kọjú sí ògiri títí mo fi parí. Nígbà tí mo wọ sùtánà fún wọn tán, aago méjìlá ti kọjá. Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá mi dijú láti gbàdúrà.

"Bàbá, má bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Mo pẹ́."

Nínú gbogbo àwa tó wà ní yàrá yẹn, ìyá mi nìkan ló tọrọ àforíjì.