Ògiri Tí Ọ̀gá Mi Rẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Bí mo ṣe fi ìdí òòlù kan ògiri yẹn, ẹnì kan kàn án padà láti inú ilé. Mo tún un kàn. Wọ́n tún kàn án padà, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohùn obìnrin kan wá gba ojú fèrèsé jáde.

"Ta ló ń kan ògiri mi bí ọlọ́pàá?"

"Èmi ni, mà. Délé ni. Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Délé wo? Délé bíríkìlà? Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn, wọn kì í kan ògiri. Àbí kò sí ilẹ̀kùn ní Ìkòròdú tí o ti ń bọ̀ ni?"

Ìyá Múfú nìyẹn, ìyàwó ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá ti kú, Ìyá sì wà nínú opó bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe é, oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ tí obìnrin kò ní kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀ láìnídìí. Kìrìsìtẹ́nì ni èmi, ọmọ Ìkirè tó ń gbé ilé háyà ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn jẹun pẹ́ débi tí mo fi mọ ohun tí wọn kì í fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi kó yé yín, nítorí bíríkìlà ni gbogbo ayé ń pè mí, ó sì máa ń bí mi nínú. Àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù ń to tiwọn. Rírẹ́ ara ilé ni tèmi. Ilé tó bá ti gbó, tí ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, èmi ni wọ́n ń pè láti ha ti àtijọ́ kúrò, kí n sì rẹ́ tuntun sí i. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n kọ́kọ́ kan ògiri náà, kí n fi etí lé e. Bí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, á dún kì. Bó bá ti ṣí lẹ́yìn, á dún kóló, bí ìgbà tí èèyàn bá kan agolo òfìfo. Kò síbi tí ọ̀gá mi wọ̀ rí tí wọn ò kan ògiri ibẹ̀, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí, ìbáà ṣe ilé àna. Ìyá máa ń sọ pé ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn níbi ìkómọ. Dòdò ni ọ̀gá máa ń pè mí, nítorí dòdò Ìkirè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Múfú àkọ́bí wọn ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá tún iwájú ilé ṣe kí ìyá àwọn tó jáde opó, torí àwọn èèyàn máa wá ṣàdúà. Èmi àti Gàníyù, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kó irinṣẹ́, a gba Agbowa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé amọ̀ ni ilé náà. Ọ̀gá fúnra wọn ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nígbà èwe wọn, wọ́n sì fọwọ́ ya òdòdó sókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn máa ń dúró lójú ọ̀nà wò ó.

Nígbà tí ọ̀gá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ọmọ ní kí ilé bẹ́gbẹ́ mu. Wọ́n pe oníṣẹ́ kan wá fi táírólíìnì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni wọ́n fi ń fọ́n sìmẹ́ǹtì sára ògiri títí á fi rí págunpàgun bí èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó dára lójú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ògiri amọ̀ máa ń mí. Bí omi bá ti òkè wọ inú rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde, oníṣẹ́ yẹn sì ti dí gbogbo rẹ̀ pa.

Mo kan ògiri láti igun ilé títí dé abẹ́ fèrèsé yàrá Ìyá. Kóló, kóló, kóló.

"Ẹ̀gbọ́n," Gàníyù ní, "ẹ má jẹ́ ká ha ibí yìí o."

"Ká má ha á, ká wá ṣe kí ni? Ká kùn ún lọ́dà?"

A rọra ṣí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Omi ló kọ́kọ́ jáde. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ìka mi wọlé síbẹ̀ láìfagbára. Mo sún sẹ́yìn, mo dijú kan wo ògiri láti ẹ̀gbẹ́, ó ti yọ ikùn síta. Ibi tó là lábẹ́ òrùlé ti fẹ̀ ju bá a ṣe bá a láàárọ̀ lọ. Mo wo ọ̀nà ọ̀sà, òjò ti ṣú dúdú níbẹ̀.

"Gàníyù, ju òòlù sílẹ̀! Wá ọparun, wá pákó, ohun tó o bá ṣáà ti rí!"

Àwọn ará àdúgbò bá wa gbé ọparun wá, a fi ti ògiri náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọparun ò lè gbé irú ògiri bẹ́ẹ̀ dúró, ńṣe ló kàn ń bá wa bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún Múfú pé kó yáa gbé ìyá rẹ̀ jáde nínú yàrá yẹn. Ó sáré wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n.

"Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan."

Mo bá lọ sí ojú fèrèsé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ògiri yìí fẹ́ wó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọkọ mi ló rẹ́ ẹ. Mo ṣèlérí fún un pé inú yàrá tá a jọ ń sùn ni màá ti ṣe opó rẹ̀ parí. Ìwọ ló wá fẹ́ lé mi síta bí ẹni tó jalè?"

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Mo jágbe mọ́ wọn. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í jágbe mọ́ opó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìyàwó ọ̀gá ẹni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ti bà mí, ariwo ni mo máa ń pa.

Ariwo mi ló gbé Àáfà àdúgbò jáde. Ó súnmọ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, bí ilé bá fẹ́ wó lu opó, ẹ̀sìn gbà kó sún kúrò níbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé yìí, ilé ọkọ yín náà ni."

"Ẹ ṣé, Àáfà. Mi ò bi yín."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí mi lórí. Múfú ń bẹ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kọ́ ni obìnrin yìí máa gbọ́.

"Ìyá," mo ní, "ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ kàn án fúnra yín. Ẹ kàn án bí ọ̀gá ṣe máa ń kàn án, kẹ́ ẹ fetí lé e."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, kóló. Wọ́n sún síwájú, kóló. Wọ́n kan abẹ́ fèrèsé, kóló, amọ̀ díẹ̀ sì já bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá lọ́hùn-ún.

"Ó ti ṣófo," wọ́n sọ níkẹyìn. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ó ti ṣófo pátápátá."

Wọ́n gbé búùtà àti ẹní ìkírun wọn, wọ́n fi híjáàbù bora, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ mi kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìwojú mi. Òjò dé. Kò tíì le rárá tí ògiri fi wó láti igun títí dé fèrèsé, tòun tọparun tòun tòdòdó. Nígbà tá a wọ yàrá náà, amọ̀ ti bo bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ títí dórí ìrọ̀rí. Múfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n Délé, ibi tí wọ́n máa ń gbórí lé gan-an!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kó amọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

A tún fi amọ̀ mọ ògiri yẹn, a sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Mo ha gbogbo táírólíìnì tó kù dànù. Mo po sìmẹ́ǹtì tí kò le, mo rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, kí ògiri lè ráyè mí. Yíya òdòdó ló fẹ́ sọ mí di wèrè. Mo ń wo èyí tó kù lókè fèrèsé kejì, mo ń ya á, mo ń pa á rẹ́. Ti ọ̀gá dà bí òdòdó tó ń tanná lọ́wọ́. Gàníyù wo tèmi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, alákàn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo rèé." Mo lé e sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Òótọ́ ló sì sọ.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó Múfú ló ń gbé oúnjẹ wá fún wa. Bí mo bá kí wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, "Ẹn" ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Mo gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ń bínú pé èmi ni mo wó ohun tí ọkọ wọn fi sílẹ̀, ó sì dùn mí wọra.

Ọjọ́ tí wọ́n jáde opó, ìta ti kún fún àwọn tó wá ṣàdúà. Ìyá jáde nínú aṣọ tuntun. Gbogbo wa rò pé orí àga tá a tẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n ni wọ́n ń lọ, àfi bí wọ́n ṣe yà sọ́dọ̀ ògiri. Mo ṣí fìlà. Wọ́n gbójú sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Òdòdó ni, mà."

"Òdòdó," wọ́n ní. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa.

Wọ́n ká ìka wọn kò, wọ́n kan ògiri náà. Kì. Wọ́n sún síwájú. Kì. Wọ́n dé abẹ́ fèrèsé yàrá wọn, wọ́n kàn án, wọ́n fi etí lé e, wọ́n sì dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé orí kúrò níbẹ̀.

"Dòdò," wọ́n ní, "ó lẹ̀ dáadáa. Wá jẹun."

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn èèyàn yẹn, Gàníyù ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.