Àgbélébùú Pupa Orí Afra

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojo ni Walburga, ahunṣọ àdúgbò wa nílùú Augsburg, nílẹ̀ Jámánì. Obìnrin tó máa ń bá àwọn agbowó ibodè wọ̀yá ìjà ni. Àmọ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀lú, tó pa ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé Afra, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí ilé àwọn aláìsàn lẹ́yìn odi, ẹ̀rù sọ ọ́ di ẹlòmíì.

Ọkọ mi, Veit, tó jẹ́ ayàwòrán, ni Walburga bẹ̀ pé kó ya àwòrán ẹ̀jẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ọlọ́run lè dá Afra sí. Èmi ni mò ń lọ ọ̀dà. Veit ya òpópónà wa bó ṣe rí gan-an: kẹ̀kẹ́ òkú, èéfín, búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀pá nà sí ojú fèrèsé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Nísàlẹ̀, Walburga, ọkọ rẹ̀ àti Afra kúnlẹ̀. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àgbélébùú pupa kékeré la máa ń fi sókè orí ẹni tó bá ti kú. Ọkọ ti ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Jobst tó ń ti kẹ̀kẹ́ òkú kígbe láti ìta pé àwọn ti sin ọmọbìnrin ahunṣọ. Ahunṣọ wo? Ìdajì àdúgbò wa ló ń hunṣọ! Kò sẹ́ni tó béèrè. Veit ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó sì fi àgbélébùú sórí Afra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí a gbé àwòrán náà lọ han Walburga nílé rẹ̀, a gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn.

"Ìyá mi, èmi ni o, Afra. Ara mi ti yá. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ta ni ò mọ̀ pé lásìkò àrùn, òkú a máa padà wá pe ará ilé rẹ̀, tí ẹni tó bá dáhùn á sì bá a lọ?

"Ẹ má dá a lóhùn," Walburga sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àgbélébùú wà lórí rẹ̀."

"Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Ọwọ́ mi ló yà á, kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run!" Veit fèsì.

"Ó dáa, lọ ṣílẹ̀kùn fún un."

Veit ò mira. Èmi náà ò mira.

"Ìyá mi, ẹ dákun, òtútù ń mú mi."

Walburga bú sẹ́kún. "Veit, ha á kúrò! Ha á kúrò lórí ọmọ mi!"

Veit fi ọ̀bẹ ha á, títí pákó abẹ́ rẹ̀ fi hàn. Walburga wò ó, ó fi ìka nù ún, ó tún wò ó. Ìgbà yẹn ló tó sáré lọ yọ ìdábùú ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ìyá arúgbó òdìkejì òpópónà yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ ti pẹ́ jù. Ọmọ yẹn ní òun ń padà sílé àwọn aláìsàn. Ó ní tóun bá pè níbẹ̀, wọ́n ń dáhùn."

Walburga bọ́ síta láìwọ bàtà, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ibodè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.