Ilé-Ìwé Tí Mo Yàn, Tí Mi Ò Lè Sọ fún Ìyá Mi

Òórùn òrí ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí Ṣakí lọ́dún náà. Àsìkò òjò ni, àwọn obìnrin àdúgbò wa ń se òrí lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọ inú mọ́tò tó gbé wa bọ̀ láti ibodè. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi ọwọ́ bo imú, ó ní kí ló ń jóná. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀, nítorí òórùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ lójú oorun ní Àbíjáànì tí a ń gbé.

Ìwọ náà mọ àṣà àwa ará Òkè-Ògùn tó wà ní ìdálẹ̀. Bí ọmọ bá ti lè fọ abọ́ tó fi jẹun, ilé ni wọ́n ń gbé e bọ̀, kí ìyá bàbá rẹ̀ tọ́ ọ, kó lọ ilé-ìwé nílé, kó mọ ẹbí, kó mọ ìkíni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí bàbá mi gbé mi wá sí Ṣakí sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, tí òun àti ìyá mi padà sẹ́nu òwò wọn ní Àbíjáànì. Mi ò ní purọ́, ìyá àgbà tọ́jú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi bá wá kí wa, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo máa ń sá sí, mo sì máa ń béèrè ìgbà tí àlejò yẹn máa lọ.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti ìyàwó mi fi pinnu pé tiwa kò ní lọ. A wá ilé-ìwé àwọn ọmọ àjèjì káàkiri Àbíjáànì, kí ọmọ lè kọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ní àkọ́kọ́ tí a dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wo ẹ̀yìn wa bóyá ó máa rí ọkọ̀ tí a gbé wá. Nígbà tí kò rí kankan, ó ní ọ̀gá kò sí nílé. Ní ìkejì, ọ̀gá wà ńlé, ṣùgbọ́n ó ní kí a má sọ Yorùbá sí ọmọ nínú ilé mọ́, kí Faransé lè tètè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó mi ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ní ìkẹta, olùkọ́ kan ní kí ọmọ wa fi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé rẹ̀ han kíláàsì. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàárín iyàrá, àwọn ọmọ India àti Lẹ́bánónì náà bá a kúnlẹ̀, ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ la yàn. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó wá lo ìsinmi nílé.

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti fi Àbíjáànì sílẹ̀ pátápátá, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá wa ní Ṣakí. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ yìí ló ti ń retí rẹ̀. Mo mọ̀ pé títọ́ tí kò rí mi tọ́ ló fẹ́ tọ́ ọmọ mi. Nígbà tí a dé, ó ti kun iyàrá kan, ó ti tẹ́ ẹní kékeré síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé àdúgbò jáde, tuntun, tó tóbi ju ọmọ náà lọ, ó ní ó máa dàgbà bá a. Mo ní, "Ó dára, Màámi." Èmi, ọkùnrin tó ń bá àwọn aṣọ́bodè jà lójú ọ̀nà.

Irú ọ̀rọ̀ báyẹn, àgbà ni wọ́n ń rán. Mo tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, mo gbé búrẹ́dì dání, mo rojọ́ fún un. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó wọlé lọ bá ìyá mi. Kò pẹ́ tó jáde, ẹ̀pà sísè kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ ti ra bàtà fún un. Mi ò rí ibi tí mo máa gbà wọnú ọ̀rọ̀ yẹn." Ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé, ọ̀la la máa lọ. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń di irun fún ọmọ náà. Mo jókòó sítòsí wọn.

"Màámi, ọmọ yìí máa bá wa padà. A ti rí ilé-ìwé fún un lọ́hùn-ún."

Kò dáwọ́ irun dúró. Ó ní, "Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ dé ló ti sọ fún mi, ó tún fi kíláàsì ẹ̀ hàn mí nínú fóònù ìyá ẹ̀."

Mo béèrè pé, "Kí ló wá dé tí ẹ tún ń ra bàtà?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ó ya irun mìíràn, ó fi òrí pa á. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ kúrò lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé rárá. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní kí n wò ó bóyá tìẹ máa gbà á."

Mi ò tíì gbọ́ ọ rí láyé mi pé ìyá mi fẹ́ mú mi dání. Mo sunkún, mi ò tijú rẹ̀. Ọmọ mi yíjú wò mí, ìyá mi sì dá orí rẹ̀ padà sójú kan kí irun má baà wọ́.

Nígbà tó di irun tán, ó wọ yunifọ́ọ̀mù náà fún un. Ó ní kí a jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun kàn mú un dé ilé-ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Ìsinmi ni, géètì wà ní títì. Mo ń wò wọ́n láti ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ara wọn mú, tí yunifọ́ọ̀mù ń wọ́lẹ̀, tí ìyá mi ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ọmọ ọmọ òun rèé, òun ń mú un lọ ilé-ìwé. Wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n sì padà wálé.

Ọmọ náà ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Ilé-ìwé tí a yàn dára, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ní Àbíjáànì máa ń wá béèrè èyí tó dára lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń sọ èyí tí mo mọ̀ nípa olùkọ́ àti èdè fún wọn. Ìyókù kò ṣeé fi kọ́ ẹlòmíì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá mi fún mi kí n fi sọ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí sọ láyé ọjọ́un. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni mo fi jẹ iyán tó ń gún fún mi.