Ilẹ̀ Àdúrà Tí Sátẹ́láìtì Pè Ní Omi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé ní Ìbàdàn, tí mo lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà. Àgége ni mò ń lọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì fi rédà yà, kí n sọ ibi tó jẹ́ ilé, igbó, ọ̀nà tàbí omi nínú ìlú. Àwọn tó ń ṣètò ìlú fẹ́ fi àwòrán náà mọ ilé tó wà lójú àgbàrá, kí wọ́n lè kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Àgége, àwòrán mi fi adágún omi hàn, ilé sì yí i ká. Ọkàn mi kò gbà á. Mo ní kí n fojú ara mi rí i kí n tó fi ránṣẹ́.

Rédà kì í ya fọ́tò bíi fóònù wa. Ìgbì kan tí ojú kì í rí ló ń jù sílẹ̀, tó sì ń dúró de èyí tó bá padà. Ògiri àti páànù máa ń dá a padà dáadáa, wọ́n á funfun nínú àwòrán. Omi tó tẹ́jú máa ń darí rẹ̀ gba ibòmíràn, dúdú la ó sì rí.

Ọkọ̀ ojú irin náà kò gbọ̀n rárá. Mo sùn, mo jí, mo ti dé. Mo ra búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná, mo ki àkàrà bọ̀ ọ́ láàárín. Búrẹ́dì tiwa nílé fúyẹ́, ṣùgbọ́n ti Àgége ki, èèyàn á fà á kó tó já. Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo bá wá.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ibi tí mò ń wá. Kò sí adágún kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni mo bá, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Màmá Adúkẹ́, ìyá ìjọ tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, jáde sí mi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. Ilẹ̀ àdúrà nìyẹn."

Mo bọ́ ọ. Ilẹ̀ náà dán bí inú àwo. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi dán an tó bẹ́ẹ̀.

"Torí orúnkún wa ni o jàre! A máa ń kúnlẹ̀, a máa ń yí gbiri lórí ẹ̀. Tó bá rí gbágungbàgun, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wa ra òògùn ni? Àwa obìnrin ìjọ la ní kí bíríkìlà dán an títí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Dídán yẹn ló ń darí ìgbì rédà gba ibòmíràn bíi ti omi, ló fi pè é ní omi. Mo ṣàlàyé fún màmá, ojú wọn sì yí padà.

"Háà! Ṣé wọ́n fẹ́ wó ilé wa ni? Àgbàrá ò wọ ibí rí. Ẹ béèrè!"

Mo béèrè. Mo wo ẹsẹ̀ ògiri kiri, n kò rí ipa omi. Àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, sọ ohun kan náà. Mo ya fọ́tò tó pọ̀, mo sì gba nọ́ńbà fóònù màmá. Màmá kò jẹ́ kí n lọ láìgbàdúrà fún mi, èmi Mùsùlùmí sì ṣe àmín tọkàntọkàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìbàdàn. N kò tíì jẹun tí mo fi pa omi náà rẹ́ nínú àwòrán, tí mo sọ ọ́ di ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo lọ. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ pe ibi téèyàn ń gbé ní ohunkóhun láì tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo wá pe màmá lórí fóònù, mo ní mo ti fi wọ́n sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwòrán náà sì ti lọ.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "o ṣeun tó o wá wò wá."