Bíréèkì Abíọ́nà Lọ́nà Kabusa

Ó máa ń rẹ Abíọ́nà kó tó jáde nílé. Àárẹ̀ náà kì í ṣe ti àìsùn, kì í sì í ṣe ti ibà. Àárẹ̀ ọdún mẹ́fà ni, irú èyí tó ń jókòó síni lórúnkún tí kì í dìde mọ́. Ọmọ Ìwó ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Àbújá. Nyanya ni òun àti Rísíkàt ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò gun kẹ̀kẹ́ láti Nyanya dé Garki, yóò gba kúlà oníyìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, yóò so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò sì dorí kọ Kabusa.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Òyìnbó kan tó ń la títì ló fún un nígbà tó ń padà sílé lọ́dún 1981. Ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ní jíà mẹ́wàá. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣe ló ń fò bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún eruku pupa. Ṣéènì tó bá a wá lo ọdún méjì, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò lo ọdún kan. Jíà mẹ́wàá di márùn-ún, márùn-ún di méjì. Irin tí ó di pẹ́dàlì mú nìkan ló ṣì le bí ọjọ́ tó dé.

Sùlàímọ́nù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe létí ọ̀nà Keffi, mọ kẹ̀kẹ́ náà ju ẹni tó ni ín lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1987, ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó fi ọwọ́ yí i, ó mi orí.

"Dókítà, ṣéènì yín ti nà. Tó bá ti nà báyìí, eyín ló ń jẹ. Ẹ wò ó, gbogbo eyín ẹ̀yìn ti mú ṣóńṣó bíi ti ajá."

"Ṣé á gbé mi dé Kabusa?"

"Ìyẹn á gbé yín dé. Bíréèkì ló ń bà mí lẹ́rù. Rọ́bà rẹ̀ jẹ tán, n ò rí irú rẹ̀ níhìn-ín, n ò sì rí i ní Kàdúná. Táyà mọ́tò ni mo gé sí i. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ń mú. Bí òjò bá rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa tì í."

Abíọ́nà ní òun gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èéyi ti wọ Kabusa, ọmọ méjì sì ti kú. Bó ṣe kúrò ní Garki lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé orí òkè tó dà sí odò, ó rántí ohun tí Sùlàímọ́nù wí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń sinmi láti àárọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ jù láti sọ̀ kalẹ̀. Ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ.

Ó tẹ bíréèkì, kò mú. Ó tẹ̀ ẹ́ tọwọ́tọwọ́, rọ́bà kàn ń yọ̀ lára irin tútù ni. Nísàlẹ̀, obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó gbé ìkòkò omi lé èjìká bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń gbé ẹrù, ń bọ̀ láàárín ọ̀nà.

"Kai! Kai!" ni Abíọ́nà ń pariwo.

Obìnrin náà dúró gbagidi. Abíọ́nà yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sínú igbó, ó forí sọ òkìtì ọ̀gán. Ó gbọ́ tí eegun èjìká òsì rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ.

"Sànnu, sànnu," ni obìnrin náà fi ń kí i pẹ̀lẹ́. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ létí ọ̀nà, ó mú kúlà tó ti fò sínú koríko, ó gbé e lé èjìká dípò omi, ó sì ṣíwájú. Ìdérí kúlà kò ṣí. Abíọ́nà tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ kan gbá ọwọ́ kejì mú.

Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é, àwọn ìyá ló ń di ọmọ wọn mú. Ìgbà tó gún èyí tó kẹ́yìn tán ló tó sunkún.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, Sùlàímọ́nù wá kí i, kò lè wò ó lójú.

"Ọwọ́ mi ló gé táyà yẹn."

"O kìlọ̀ fún mi, àbúrò. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Rísíkàt wí pé, "Ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá yín ní Garki pé ó tó gẹ́ẹ́."

Ó sọ fún wọn. Wọ́n ní kó mú sùúrù. Ọmọ kankan ò tún kú ní Kabusa lọ́dún yẹn, ìyẹn ni wọ́n sì ń fi tù ú nínú títí di ọdún 1989, tí wọ́n wá fi í sí ọ́fíìsì ní Garki kó máa kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú káàdì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ga ju àyà lọ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọ káàdì mẹ́rin, ó gbé orí lé tábìlì, ó sì sùn lọ. Àsíátù, obìnrin tí wọ́n jọ ń lo yàrá náà, rọra ti fèrèsé, ó fa káàdì yòókù sọ́dọ̀ ara rẹ̀.